Okùn Ike Mẹ́ta Nínú Mọ́tò Nọ́ọ̀sì

Fọwọ́rọra ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ réwáyà ló ń ṣe, ó ń tún iná mọ́tò ṣe, ó sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹnu ara rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbá ilẹ̀kùn mọ́tò dé, á ní, "Fọwọ́ rọra." Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń gbé abọ́ sílẹ̀, "Fọwọ́ rọra." Àwọn aláwàdà ní bí ikú bá wá mú un, ohun tí yóò sọ fún ikú náà nìyẹn.

Kò ka ìwé iṣẹ́ kankan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò mọ̀wé, òun náà kò lè kọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà fi ohun kan kọ́ ọ tí kò kúrò lára rẹ̀: wáyà tí a bá nà kò gbọdọ̀ jó. Wáyà tó ń dún ká-ká-ká bí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Nítorí náà, ibikíbi tí Fọwọ́rọra bá gba wáyà kọjá, okùn ike kékeré ló ń fi so ó mọ́ ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀. Yóò fà á kó le, yóò sì gé ìrù rẹ̀. Àwọn réwáyà yòókù kì í ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀. Òun ń ṣe é, ó sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Òun ló tọ́jú ìyàwó Fọwọ́rọra nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nọ́ọ̀sì yìí ra mọ́tò oníná, irú èyí tí kì í mu epo, tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gba iná sí fóònù. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi kọ lù ú ní oríta, tó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà sí i lọ́rùn. Ló bá ra kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, kí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà lè ní ẹlẹ́rìí. Ó gbé e wá bá Fọwọ́rọra.

"Bàbá, ẹ ti fọwọ́ kan irú mọ́tò yìí rí?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín, Nọ́ọ̀sì. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Àmọ́ iná ni iná ń jẹ́."

"Iná ni iná ń jẹ́, òun náà ló sì ń pa èèyàn."

"Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn."

Ó ti gbọ́ nípa wáyà tó nípọn, tó pọ́n bí ọsàn, tó wà nínú àwọn mọ́tò yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣèèṣì gé e kò ní rí àyè dágbére. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ mọ́tò náà títí ó fi mọ gbogbo ibi tí wáyà ọsàn yẹn gbà. Panẹbítà tó ń na irin mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú sí i.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ abẹ lẹ fẹ́ ṣe ni? Bí iná bá gbé yín, ibo ni kí n dì mú?"

"Má dì mí mú. Ìyàwó mi ni kó o lọ pè."

Inú àpótí fíùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀ ló ti fa iná, ti bátìrì kékeré tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Ó lẹ kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn dígí àárín. Ó ki wáyà bọ abẹ́ aṣọ àjà mọ́tò, ó sì fi ọ̀bẹ ike pẹlẹbẹ ṣí ìbòrí òpó tó wà láàárín gíláàsì iwájú àti ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó bá nǹkan kan níbẹ̀ tó dà bí aṣọ tí wọ́n ká bí ẹní, tó lọ sókè lọ wọ inú àjà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó rọ̀ díẹ̀. Ó rò pé tìmùtìmù tí wọ́n fi ń pa ariwo ni. Ó gbé wáyà lé e, ó fi okùn ike mẹ́ta so ó mọ́ ọn, ó fà á kó le, ó gé ìrù wọn. Ó pa ìbòrí dé. Ó wa mọ́tò náà gba kòtò méjì kọjá, ohunkóhun kò dún. Inú rẹ̀ dùn dé ilé lọ́jọ́ náà.

Wáyà ọsàn ló ń ṣọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ ni olè gbà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ajé, wọ́n wọ́ mọ́tò tuntun kan tí wọ́n ti gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ panẹbítà. Aṣọ funfun gígùn kan ń fì wálẹ̀ láti òkè ilẹ̀kùn rẹ̀. Fọwọ́rọra rìn sún mọ́ ọn.

"Kí ni aṣọ yìí?"

"Ẹ́ábáàgì ni, Ọ̀gá. Ti sítíárìn nìkan lẹ mọ̀ ni? Àwọn mọ́tò ìsinsìnyí ní tiwọn lókè ilẹ̀kùn. Bí nǹkan bá gbá mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, á já wálẹ̀ bí kọ́tìnnì, orí èèyàn ò sì ní kan gíláàsì."

"Bí kò bá wá já wálẹ̀ ńkọ́?"

"Orí á kan gíláàsì nìyẹn. Kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ?"

"Níbo ló ń wà kó tó já wálẹ̀?"

Panẹbítà fi ìka hàn án: inú òpó, lábẹ́ ìbòrí. "Wọ́n máa ń ká a bí ẹní."

Fọwọ́rọra rántí aṣọ tí òun fi okùn mẹ́ta so. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jókòó. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ pè é," ni ìyẹn wí. "Ẹ pè é báyìí."

Ó pè é.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tún kámẹ́rà yẹn wò díẹ̀ ni."

"Kí ló ṣe é, Bàbá? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Kò ṣe nǹkan. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ò kúkú lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó di ọjọ́ Ẹtì o. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀."

"Kò burú."

Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. "Ẹ ò sọ fún un."

"Mo ní kó wá."

"Ẹ ò sọ ohun tó fi yẹ kó sáré wá."

"Ọjọ́ Ẹtì ò jìnnà."

Ìtìjú ló mú un lẹ́nu. Báwo ni òun, Fọwọ́rọra, yóò ṣe sọ pé òun di ohun tó yẹ kó gba orí obìnrin yìí là bí ẹni di igi ìdáná? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọ̀bẹ ike àti ẹ̀mú sí àpò, ó rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Ó rí mọ́tò náà níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi í pé ta ló ń wá, kí òun bá a pe onítọ̀hún. Bí wọ́n bá pe Nọ́ọ̀sì, yóò ní láti sọ ìdí. Ó ní òun kò wá ẹnì kankan, ó sì padà sílé.

Ọjọ́rú, ní ọ̀sán gangan, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń wa mọ́tò lọ sẹ́nu iṣẹ́, lọ́rì kan já iná pupa, ó sì gbá mọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jókòó sí.

Kò kú. Ojú rẹ̀ kan fọ́. Ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Ó lè wo ife kó máà rántí ohun tó ń jẹ́.

Kámẹ́rà ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kedere: iná pupa, lọ́rì, eré tó ń bá bọ̀. Dírẹ́bà lọ́rì kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú ọlọ́pàá. Kò pẹ́ tí ọkọ Nọ́ọ̀sì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi wá sí ṣọ́ọ̀bù Fọwọ́rọra wá dúpẹ́.

"Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín ni, wọn ì bá ti yí i sí wa lọ́rùn," ni Tíṣà wí. "Wọ́n ní ẹ́ábáàgì rẹ̀ ló há. Wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tí èèyàn fẹ́ dá lẹ́bi."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá Tíṣà."

"Mi ò ní pẹ́."

"Ẹ jókòó. Èmi ni mo so ó."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí okùn mẹ́ta dé orí ìpè orí fóònù, títí kan ọlọ́dẹ. Tíṣà kò já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó béèrè pé, "Ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìyàwó mi nìkan. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Lẹ́yìn náà, màá lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá."

"Ẹ ò ní lọ." Tíṣà kò gbé ohùn sókè. "Àwọn onílọ́rì ti gba lọ́yà. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á ní ọwọ́ yín ló fọ́ ọ lójú, kì í ṣe lọ́rì àwọn. Ta ni yóò wá tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀yin?"

Fọwọ́rọra gbé ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀bẹ̀ wo lẹ sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́? Lọ́jọ́ mìíràn, kò mọ èmi tí mo fẹ́ ẹ. Ẹ ti sọ ẹrù yín kalẹ̀, ẹ ti gbé e lé mi lórí. Ó tó. Kò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíràn. Ẹ má sì wá sílé wa."

Ó dìde, ó lọ. Kò kí i pé ó dàbọ̀.

Ìròyìn kámẹ́rà náà ti tàn kálẹ̀ báyìí, àwọn onímọ́tò sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Fọwọ́rọra kì í lé wọn. Yóò ṣí ìbòrí òpó, yóò gba wáyà ẹ̀yìn ẹ́ábáàgì kọjá, yóò so ó mọ́ irin, lẹ́yìn náà yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó gbé ọmọ dání dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ti Nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Èmi ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín."

Obìnrin náà ṣì ń wò ó, ó ń retí. Fọwọ́rọra ní, "Àmín."