Ìró Amọ̀ Lára Ògiri

Títí di òní, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan ògiri àtijọ́, tí òórùn amọ̀ gba afẹ́fẹ́, baba mi ni mo máa ń rántí. Mọlémọlé ni wọ́n, ní ìsàlẹ̀ Ìlọrin. Wọ́n á ṣu amọ̀ ní ìṣù, wọ́n á jù ú mọ́ ògiri, á dún “pà”, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Kò sí ìró tí mo fẹ́ràn tó o nígbà náà.

Àmọ́ iṣẹ́ ṣọ́jà ni mo bá lọ. Wọ́n fi mí sínú táǹkì, èmi ni mo ń ki ọta sí ìbọn rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ìsinmi wálé, mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ yúnífọ́ọ̀mù gba Post Office kọjá kí àwọn ojúlùmọ̀ lè rí mi. Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo jókòó ti baba mi, mo ń ròyìn bí ẹni pé èmi ni mo dá ìbọn sílẹ̀. Mo ní oríṣi ọta méjì la máa ń kó. Èyí tí à ń pè ní abẹ́rẹ́, irin gígùn tínrín ni, kò sí ẹ̀tù lórí rẹ̀, eré tó ń sá ni agbára rẹ̀. Bó bá kan táǹkì, á gún irin rẹ̀ já, ẹ̀rún irin gbígbóná á fọ́n ká sínú. Ṣùgbọ́n bó bá kan ilé amọ̀, á gba ògiri kan wọlé, á gba èkejì jáde, ilé á ṣì wà ní ìdúró. Orí èkejì rọ̀ ní tirẹ̀. Á kọ́kọ́ lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ohun tó bá bà, kó tó bú. Bó bá jẹ́ táǹkì àtijọ́ ni, kò ní dá irin rẹ̀ lu, àmọ́ irin inú lọ́hùn-ún á bó, á máa fò kiri. Bí irin náà bá jẹ́ ìpele méjì tí àlàfo wà láàárín wọn, agbára rẹ̀ á dín kù. Ilé ló mọ̀ ọ́n wó jù.

“Bí ẹ ṣe ń ju amọ̀ gan-an ni, Baba,” ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Baba mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo sọ. Lọ́jọ́ tí mo máa padà, mo lóṣòó níwájú wọn fún àdúà, wọn ò la ẹnu. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò jáde nílé rí láìgba àdúà wọn. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí.

“Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ. Bó bá di dandan kí o yìnbọn sílé ẹni, abẹ́rẹ́ ni kí ọwọ́ rẹ bà. Ibẹ̀ ni mo fi àdúà mi sí.”

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, a dé abúlé kan lójú ogun. Ìbọn ń dún láti inú ilé kan, ọ̀gá wa sì ní kí n ki ọta tó ń wólé. Mo yọjú wo ilé náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀ ni, ìdajì rẹ̀ ṣì dúdú fún ọ̀rinrin. Ọmọ mọlémọlé ni mí, mo mọ̀ pé ẹni tó ń rẹ́lé fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Èkejì ni mo kì. Nígbà tí a dé ibi àwókù náà, àwọn tó ń yìnbọn ti sá lọ, onílé ò sí níbẹ̀. Ipa ìka ẹni tó rẹ́ ẹ ni mo rí lára ògiri tó wó.

Nígbà tí mo wálé, ohun àkọ́kọ́ tí baba mi bi mí ni pé, “Ọmọ mi, èwo lọwọ́ rẹ bà?”

“Abẹ́rẹ́ ni, Baba.”

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n kú láìmọ̀ pé mo parọ́ fún wọn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé búlọ́ọ̀kù ni mò ń gbé ní àdúgbò Fate, ní Ìlọrin. Ọdọọdún, bí òjò bá ti dá, mo máa ń lọ tún ògiri ilé baba mi ṣe. Àwọn àbúrò mi ní kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, mi ò gbà. Mo máa ń ṣu amọ̀, mo máa ń jù ú bí wọ́n ṣe ń jù ú. Bó bá ti dún “pà”, ọwọ́ mi á dúró ná, màá máa retí kó bú. Tí kò bá bú, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ baba mi, kí n tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ.