Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Ìyàwó Mi

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nínú àgbàlá Tíṣà ní Ìjòkó. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Tíṣà fúnra rẹ̀, tó ti fẹ̀yìntì, wẹ́dà kan láti Ìgbẹsà, nọ́ọ̀sì kan láti Ìtele, àti èmi. Ọ̀pọ̀tọ́ ló kó wa jọ. Inú ike ọ̀dà la ń gbìn ín sí, a sì máa ń gé ẹ̀ka fún ara wa. Òfin wa kò ju méjì lọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ mú irú kan wá ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tí wọ́n bá sì tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ kọ̀.

Tíṣà la èso kan sí méjì lórí àwo funfun, ó fi ewé rẹ̀ tì í. Inú rẹ̀ pupa bí epo. "Ọba Àgbàlá nìyí. Èmi ni mo ṣàwárí rẹ̀."

Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Igi ìyàwó mi ni.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú, kété lẹ́yìn tí mo sin ìyàwó mi, mo mú èso igi tó gbìn sẹ́yìn ilé wa ní Sàngó wá fún Tíṣà kó bá mi dá a mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pọ̀tọ́ igbó ni, Alákọ̀wé. Ẹ ò tíì dé kíláàsì tí wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀tọ́ mọ̀." Gbogbo wọn mọ̀ pé mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ ìwé kà, ìyàwó mi ló kọ́ mi. Nítorí ìtìjú, èmi òmùgọ̀ gé igi náà lulẹ̀. Tíṣà bá mi kó ẹ̀ka rẹ̀ lọ, ó ní òun yóò fi ṣe ọ̀pá ẹ̀wà, kí ẹ̀wà òun lè rí nǹkan fà mọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo ṣí ìwé tí mo fi ń kọ irú ọ̀pọ̀tọ́ sílẹ̀. Mo mú ewé gbígbẹ igi ìyàwó mi, tí òun fúnra rẹ̀ fi sáàárín ìwé náà, mo gbé e sórí àwo.

"Ìka àárín ewé méjèèjì là sí méjì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ ìyá ni wọ́n."

"Ewé kì í jọ ewé ni?" ni Tíṣà fèsì.

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Haa, Tíṣà! Ọ̀pá ẹ̀wà yín mà so ọ̀pọ̀tọ́ o!"

N kò bá Tíṣà jà. Mo ní, "Tíṣà, ẹ gé fún gbogbo wa." Kò lè kọ̀. Bó ṣe ń gé e, tí oje funfun ń kán sí bàtà rẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi. Mo ní kó tún gé sí i.

Títí dòní, àwọn èèyàn ń sọ pé ó yẹ kí n dárí jì í. Bóyá. N kò tíì ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa ìró ìyàwó mi kan ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ ìyàwó mi sí i, gàdàgbà-gàdàgbà, torí èmi ni mo kọ́kọ́ mú irú náà wá. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbẹsà àti Ìtele, mo so ó mọ́ ẹ̀ka tiwọn. Lẹ́yìn náà, mo kan géètì ní Ìjòkó. Mo so èyí tó tóbi jù mọ́ igi Tíṣà, mo ní kó kà á.

Ó kà á.

Mo ní n kò gbọ́. Ó tún un kà.