Wọ́n San Owó Ilé-Ìwé Mi Lórí Rédíò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Ọ̀rẹ́ náà ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ọmọ mi gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára, ó kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Ọ̀rẹ́ náà wá fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí i ní kọ̀rọ̀, níbi tí àwọn méjèèjì nìkan ti lè kà á. Ọmọ mi ní òun ò gbà. "Màmí, gbangba ni mo ti kí i. Kí ló dé tí kò lè dá mi lóhùn ní gbangba?" Inú bí mi débi pé mo dìde kúrò níwájú rẹ̀ ní pálọ̀. Kì í kúkú ṣe òun ni mo ń bínú sí. Àbúrò ìyá mi kan tó ń ta pákó ní Ìgèdè ni mo rántí. Ó ti kú tipẹ́, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohun tó fojú mi rí kò tíì tán nínú mi.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà náà. Mo ń kàwé másítà ní yunifásítì kan ní Adó, mo ń gbé yàrá kan ní Adébáyọ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì láàárọ̀ kí n tó sáré lọ sí kíláàsì tèmi. Owó oṣù olùkọ́ kì í tètè jáde. Bó bá sì jáde, onílé ti ń retí rẹ̀, obìnrin tó ń bá mi tẹ iṣẹ́ ìwádìí mi náà ti ń retí rẹ̀. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń dáko ní Ìyìn, ohun tó sì ń ti inú oko náà jáde, àwọn àbúrò mi ló ń jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àbúrò ìyá mi yìí wá kí wa ní Ìyìn. Bọ̀dá Ìgèdè ni gbogbo wa ń pè é. Ó jẹ iyán, ó fọ ọwọ́, ó nu ẹnu, ó wá ní òun ni yóò máa san owó ilé-ìwé mi títí n ó fi parí. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi kúnlẹ̀, mi ò dìde títí ó fi ní ó tó. N ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ ọkùnrin náà kò há rárá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ra dráfíìtì ní báńkì tó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí n kò fọkàn sí ni pé ó fẹ́ràn rédíò. Ètò ìkíni kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. O ó ra káàdì, o ó kọ orúkọ àwọn tí o fẹ́ kí sí i, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò kà á, wọn yóò sì fi orin tì í lẹ́yìn. Kò sí ilé tí wọn kì í ti í gbọ́ ọ. Ètò náà ní òfin tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kankan kò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tí wọ́n bá kí gbọ́dọ̀ kí padà lórí rédíò kan náà, kó má sì pẹ́. Àgbà ló ń ṣíwájú nínú orúkọ. Bí o bá kí ọkọ, o gbọ́dọ̀ kí ìyàwó. Mo mọ ìdílé kan tó pín sí méjì nítorí pé orúkọ ìyàwó kan bọ́ sílẹ̀ nínú káàdì ọdún Àjíǹde.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Adébáyọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìkíni tèmi. Wọ́n ti di apá kan orí mi, apá kejì ṣì wà nílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní gbajúmọ̀ alápákó kan ní Ìgèdè-Èkìtì ń kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé másítà ní Adó, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ látìgbà tí bàbá ọmọ náà ti fayé sílẹ̀. Ó ní kó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀, kó má sì gbàgbé ẹni tó gbé e ró. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pe ti bàbá mi mọ́ ọn. Ìyáàfin onídìrí náà fi kóòmù lu èjìká mi.

"Àńtí, ẹ̀yin nìyẹn o! Ẹ ẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ lẹ́ni lẹ́yìn."

Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ kí mi kú oríire. Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí débi pé bí kì í bá ṣe ti orí mi tó ku ìlàjì, ǹ bá ti jáde síta.

Kò mọ sẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Kò sí oṣù tí Bọ̀dá Ìgèdè kì í kí mi, ìkíni náà sì ń gùn sí i. Onílé mi, tó ti máa ń ṣe sùúrù fún mi, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn mi bí oṣù bá ti parí. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì sọ mí ní Ọmọ Alápákó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ ìwádìí mi pàápàá bojú wò mí láti orí ìgò ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ la ń gbọ́ lórí rédíò."

Èmi kò kí padà. Àkọ́kọ́, mi ò lówó káàdì tí mo lè máa fi ṣòfò. Èkejì, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo rò pé kò yẹ irú mi. Ẹni tó ń ka ìwé ńláńlá ni mo pe ara mi, mi ò lè máa pariwo oore lórí afẹ́fẹ́. Mo ra mílíìkì àti bísíkíìtì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìgèdè, mo sì kúnlẹ̀ fún un láàárín pákó, lórí ìyẹ̀fun igi. Mo fi gbogbo ẹnu dúpẹ́. Ó ní, "Ó dáa," ó sì yíjú sí oníbàárà rẹ̀. Mo padà sílé pẹ̀lú ọkàn pé mo ti ṣe é bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ibo lèèyàn tún fẹ́ dúpẹ́ dé tó ju ẹsẹ̀ ẹni tó ṣe é lóore lọ?

Nígbà tí owó ọdún kejì dé, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní yunifásítì pé ẹni tí kò bá tíì san án kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Mo tún gba Ìgèdè lọ. Bọ̀dá ń wọn pákó fún ẹnì kan. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ní rédíò ní Adó?"

"Mo ní, sà."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà."

"O sì ń gbọ́ mi?"

Mo ní mò ń gbọ́ yín, sà. Ó ní kí ló wá dé tí òun kò gbọ́ mi rí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ti wá dúpẹ́ níbí. Mo kúnlẹ̀ fún yín."

"Ta ló rí ọ?" Ó gbé tépù sílẹ̀. Ohùn Ìgèdè tó máa ń fi pamọ́ nígbà tó bá ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ jáde ketekete. "Gbogbo Èkìtì ló gbọ́ pé mo rán ọ lọ sí ulé-ùwé. Kò sí ẹni tó gbọ́ pé o dúpẹ́. Láàárín pákó ni o ti kúnlẹ̀ fún mi, kí pákó san án fún ọ."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì mi. Ta ló ní kó pariwo mi? Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pe orúkọ bàbá mi tó ti kú? Mi ò sì lè sọ ìkankan nínú rẹ̀ jáde, nítorí owó náà ni mo wá gbà.

Mo yà sí Ìyìn lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n lọ ra káàdì. Mo ní, "Màmá, àbùkù ni." Ó ní, "Àbùkù wo ló tó kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ jókòó ṣe ìdánwò, kí ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà?" Ó wọ yàrá, ó sì mú owó káàdì náà jáde. Mo mọ̀ pé owó oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Mo jókòó kọ káàdì náà ní Adébáyọ̀. Níbí ni mo ti ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé dandan ni, ó kéré tán kó jọ ti ọ̀mọ̀wé. Ojú ewé ìdúpẹ́ tó máa ń wà níwájú ìwé ìwádìí ni mo ń rò, bí wọ́n ṣe ń to orúkọ níbẹ̀ ni mo sì ṣe tò ó: Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú, olórí ẹ̀ka wa tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Ìgèdè wá tẹ̀ lé wọn, mo sì fi "gbogbo àwọn tó ràn mí lọ́wọ́" parí rẹ̀. Mo kà á lákàtúnkà. Ó wù mí.

Lọ́jọ́ Sátidé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kò yọ kúrò, kò fi kún un. Orin bẹ̀rẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá mi fi wá bá mi ní Adó. Kò tíì jókòó tó fi ń jíṣẹ́ àbúrò rẹ̀ fún mi.

"Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n tí o kọ́kọ́ kí, kí o lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ní òun ń kí ọ, pé òun tí o kò kí náà ṣì wà láàyè."

Mo pariwo lé ìyá mi lórí, èyí tí n kì í ṣe. Mo ní ṣé èèyàn kò lè kàwé lórílẹ̀-èdè yìí láìjẹ́ pé ó to orúkọ ìyàwó ẹnì kan? Ìyá mi ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwa méjèèjì jọ lọ sí Ìgèdè. Mo wo ìyá mi bó ṣe ń bẹ àbúrò tó fi ẹ̀yìn pọ̀n. Bọ̀dá gbọ́ wa tán, ó ní ká máa lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Mo kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ fún owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin tó gba ìwé náà wo orúkọ mi, ó ní àwọn tí kò lólùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fún. Mo lọ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n mi pé kó bá mi kọ lẹ́tà kí wọ́n lè fún mi láàyè díẹ̀ sí i. Ó ní, "Alápákó rẹ ńkọ́?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Kò gbà mí gbọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó gbà mí gbọ́, tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé ti gbọ́ pé mo lẹ́ni tó ń sanwó fún mi. Ibi tí ìkíni yẹn há mi mọ́ nìyẹn: ẹni tó ń sanwó kò san án mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbà pé mo nílò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa dáwọ́ gbígba owó náà dúró, mo wà nínú mọ́tò láti Adó sí Ìyìn. Mò ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi pé ọdún yẹn ti lọ. Awakọ̀ tan rédíò. Wọ́n ní alápákó kan ní Ìgèdè ń kí ìyàwó rẹ̀, ó ń kí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń kí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Adó. Ó wá ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ òun pé, gbogbo ohun tó ṣe sí òun, òun ti dárí jì í, òun sì ti fi owó ilé-ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì. Wọ́n pe orúkọ mi.

"Èèyàn rere ṣì wà láyé," awakọ̀ ní.

Ìyá àgbà tó jókòó tì mí fi ọwọ́ gbá àyà. "Irú ọmọ wo ló máa ń ṣe irú bàbá yẹn bẹ́ẹ̀?"

Mo wo ìta. Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ pariwo, mo sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tò sórí ìlà níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ tò sẹ́yìn mi. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé náà wá orúkọ mi kàn, ó kọ rìsíìtì, ó fẹ́ nà án sí mi, ó wá dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ kọ́ ni wọ́n dárí jì lórí rédíò?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi sún mọ́ wa láti gbọ́. Rìsíìtì náà wà láàárín ìka rẹ̀. Ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o ti dúpẹ́?"

Mo ní mo máa dúpẹ́.

"Níbo?"

"Lórí rédíò, sà," mo ní. Ó na rìsíìtì náà sí mi.