Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Mi Sọ

Òórùn edé tí wọ́n sá sórí ẹní, tó dàpọ̀ mọ́ ti epo ọkọ̀ ojú omi, ló máa ń pàdé èèyàn ní èbúté Igbokoda. Ibẹ̀ ni mo dúró sí de bàbá mi lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Apẹja ni, ọmọ Araromi pọ́ńbélé. Òkun ti gbé ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, ó ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, síbẹ̀ bàbá kò gbà kí òun àti ìyá mi kó kúrò. Nígbà tó kọ́kọ́ ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń mu àgbo. Kí a tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó ti rù kan eegun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò.

Nílé ìwòsàn, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣàlàyé pé kókó jẹjẹrẹ máa ń tu nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá ga kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún ti ń gòkè. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. Bàbá rí mi.

“Má ṣẹ́jú sí i. Ẹ̀jẹ̀ mi ni.” Ó wá kọjú sí dókítà. “Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà mọ ọjọ́ tí mo máa kú ni?”

“Kò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Àmọ́ ẹni tí tirẹ̀ bá ń gòkè báyìí kì í sábà pẹ́ tó ẹni tí tirẹ̀ wálẹ̀. Àwọn kan máa ń pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. A ò ní yéé tọ́jú yín.”

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé èbúté, ó sọ fún mi pé, “Ẹ wá ilé fún ìyá yín ní Igbokoda kí òjò tó dé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni òkun máa bá nílé.”

Fúnra rẹ̀ ló dúró ti àwọn tó ń tú páànù ilé Araromi. Fúnra rẹ̀ ló yan ibi tí ìyá mi máa mọ ààrò ẹja sí nílé tuntun. Ó gba abẹ́rẹ́, ó lo oògùn. Ìgbà kan wà tí èsì ẹ̀jẹ̀ náà dára, a sì dúpẹ́, kó tó tún yí padà. Òjò ọdún yẹn parí, ọyẹ́ dé, ó ṣì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá àwọn ará àdúgbò tuntun jiyàn nípa àwọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kú, ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìfẹ́ ni kéèyàn gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún aláìsàn. Ká ní dókítà gbọ́ tèmi lọ́jọ́ náà ni, bàbá ì bá kú láìtíì ṣe ohun tó kù tó fẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ fún èmi àtàwọn àbúrò mi pé àìsàn náà lè wà nínú ìdílé, mo lọ fún àyẹ̀wò tèmi. Mo mú àkọ́bí mi dání, mo sì sọ fún dókítà pé ohunkóhun tó bá rí, kó sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì.