Ti-Ilẹ̀kùn, Ọmọọba Tó Fi Ọba Sílẹ̀ ní Pápá Bàálù

Ọjọ́ tí Ọmọọba Ti-Ilẹ̀kùn fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní pápá bàálù ni gbogbo ìlú tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: ọba ni. Bàálù náà, ti ọba ni. Pápá tí bàálù ti gbéra, ilẹ̀ ọba ni. Ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ọba níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àkókò.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ọba ti wà lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Irọ́ ni. Ọba ṣì wà nínú mọ́tò lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́ sí èèyàn. Àwọn mìíràn ní ńṣe ni ọmọọba ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń làágùn.

Akọ̀wé ààfin ló sáré dé ìdí bàálù. Ó ní, "Ọmọọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Kábíyèsí ń bọ̀."

"Àwọn èrò ti wọlé tán."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọba kì í pẹ́ dé. Àwọn yòókù ló tètè dé."

"Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún Kábíyèsí pé a tètè lọ."

Kí ni ì bá ṣe? Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà. Nígbà tí ọba fi í jẹ olórí ilé-iṣẹ́ bàálù, kò sí ọ̀kan nínú àwọn bàálù wọn tó ń gbéra lákòókò. Wọ́n á dúró de mínísítà, wọ́n á dúró de ìyàwó mínísítà, wọ́n á tún dúró de ẹni tó ń ṣe irun fún ìyàwó mínísítà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan pàdé lórí ìlà níbẹ̀, wọ́n sì ti di àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó pè wọ́n wọ bàálù. Ọmọọba dé, ó ní bí àkókò bá ti tó, kí wọ́n tilẹ̀kùn, ẹni yòówù tí ì báà wà níta. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ìyàwó rẹ̀ náà jìyà òfin yìí. Ó padà lọ mú àpótí tó gbàgbé sínú mọ́tò, ìgbà tí yóò fi dé, bàálù ti wà lójú ọ̀run. Kò jà, kò sunkún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ pẹ́ níbi iṣẹ́, ó délé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó kàn án, ó kàn án.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Bàbá àwọn ọmọ."

"Àwọn èrò ti wọlé tán," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì paná.

Ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni ọmọọba máa ń jókòó sí nínú bàálù. Ó ní ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ òótọ́. Níbẹ̀ ni ìyálọ́mọ kan ti gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, tó sì sùn lọ fọnfọn. Ọmọ tọ̀ sí ọmọọba lára, ọmọọba kò mira. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ìyálọ́mọ ní, "Ẹ ṣeun o, bàbá. Ọlọ́run á fún yín níṣẹ́ gidi." Ọmọọba ṣe àmín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù bàálù ń bà á. Bí bàálù bá ti fẹ́ gbéra, yóò dijú, yóò di apá ìjókòó mú bí ẹni di màlúù mú. Ọ̀gá àwọn awakọ̀ bàálù bi í léèrè lọ́jọ́ kan: "Ọ̀gá, ṣé kò sí o? Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Àdúrà ni mò ń gbà fún ẹ. Mo ti rí bí o ṣe ń wa mọ́tò."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè ní kó lé àbúrò rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọba ní, "Bí mo bá lé e, wọ́n á ní torí pé mo pẹ́ ni." Kò lé e, ṣùgbọ́n kò wọ bàálù rẹ̀ mọ́. Ibi yòówù kó ń lọ, mọ́tò ló ń gbé e, eruku a sì bò ó láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ó dun ọmọọba ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í ta ìjókòó ojú fèrèsé kan níwájú. Akáǹtáǹtì fapá jánú. "Ọ̀gá, ìjókòó yìí ń ṣòfò."

"Kò ṣòfò. Ó lólúwa."

"Olúwa rẹ̀ kò wá rí."

"Ó lè wá lónìí. Kó ṣáà tètè dé."

Ọmọọba lọ bẹ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kan wò ní ìlú òkèèrè, ibẹ̀ ló kú sí, lórí àga. Ọba gba ojú ọ̀nà lọ gbé e. Wọ́n ní bàálù ọ̀sán ni yóò gbé òkú wálé. Èrò wọlé, wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n pósí kò dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ló yí i ká, olúkúlùkù fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ òkú kúrò lójú kan.

Ọ̀gá awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọba. "Kábíyèsí, a ó dúró dè wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

"Kí ni òfin yín wí?"

Awakọ̀ wo ilẹ̀. "Ó yẹ ká ti tilẹ̀kùn."

"Ẹni kan wà tó máa bínú," ni ọba wí. "Ẹ tì í, kẹ́ ẹ máa lọ."

Bàálù gbéra, ó fi ọ̀gá tó ni òfin sílẹ̀. Nígbà tí pósí dé níkẹyìn, ọba ní kí wọ́n gbé e sínú ilé ẹrù, ó fa àga oníke kan, ó sì jókòó tì í. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín pẹ̀lú. Àwọn kan ní ó sunkún. Èyí ni kò sẹ́ni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó wọlé lọ wò ó.

Mọ́tò ọba wà níta, ó ń dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé òkú sí ibi ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀ bàálù kejì, ọba gun àtẹ̀gùn, òun ni èrò tó kọ́kọ́ wọlé. Ó béèrè ìjókòó tí wọn kì í tà. Wọ́n fi hàn án. Ó jókòó, ó fọwọ́ pa apá ìjókòó náà, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Àkókò tó. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà tọ̀ ọ́ wá, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ṣé ká tilẹ̀kùn?"

"Ẹ tì í," ni ọba wí. "Àwa méjèèjì ti wọlé."