Ìwọ́de Tó Fẹ́ Di Fọ́tò Ọdún

Ẹ̀rín ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ lọ́jọ́ tí àwọn ará Igando ṣe ìwọ́de. Onífọ́tò ni mí ní Ìdímù nígbà náà, lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, tí ẹni tó bá ra aago tuntun á sáré wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú kámẹ́rà mi. Ọjà ń tà ṣá.

Ìjọba ológun ló fẹ́ gba oko àwọn ará Igando kọ́lé. Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sìmẹ́ńtì sáàárín ẹ̀gẹ́ àti obì láì bi ẹnikẹ́ni. Ìyá Mulikátù, àgbà obìnrin tó ṣaájú wọn, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní akọ̀ròyìn kan ti ṣèlérí pé òun á gbé ọ̀rọ̀ àwọn jáde, bí àwọn bá ti lè mú fọ́tò tó fi ìyà àwọn hàn wá. Bí kò bá jáde, katapílà ti fẹ́ wọ oko nìyẹn.

Ìwọ́de náà wọni lára, kí n má purọ́. Ìkọ̀tún ni wọ́n péjọ sí, níwájú ọ́fíìsì ìjọba kan. Àwọn obìnrin ró ìró wọn lódì, wọn ò wé gèlè, bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n ru agbọ̀n òfìfo, ìyẹn ni pé ìkórè ti tán. Àwọn ọkùnrin mú igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú lóko lọ́wọ́ kan, ewé tútù lọ́wọ́ kejì, kí ọlọ́pàá lè mọ̀ pé wọn ò bá tìjà wá. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mi ò ní ebè kan ní Igando, omi lé ròrò sí mi lójú.

Ni mo bá gbé kámẹ́rà sókè. Ẹ gbà mí o! Orin dákẹ́. Baba kan ju igi ẹ̀gẹ́ nù, ó gẹ fìlà. Àwọn obìnrin fa gèlè yọ ní ìbàdí, wọ́n wé e. Àwọn àgbà da agbọ̀n délẹ̀, wọ́n fi jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín bí ọjọ́ Iléyá. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí.

Ìyá Mulikátù ní, “Onífọ́tò, ṣé orí lásán lo fẹ́ kí àwọn ará Èkó fi mọ̀ wá ni?”

Mi ò lè bá wọn wí jàre. Nígbà yẹn, èèyàn á yá aṣọ kó tó ya fọ́tò. Ta ní í gbé ìbànújẹ́ wá síwájú kámẹ́rà? Àmọ́ fíìmù ń tán lọ. Mo bá purọ́ fún wọn pé fíìmù ti tán. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Kámẹ́rà mi jẹ́ irú èyí tí a ń gbé sí àyà, tí a ń tẹrí ba wò, nítorí náà mo dúró bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Gèlè tún kúrò lórí. Orin tún gbéra. Ìyá Mulikátù gbé agbọ̀n òfìfo wọn rù, wọ́n wo igi ẹ̀gẹ́ tó ti ń rọ tí baba yẹn tún ṣà mú lọ́wọ́, wọ́n bú sẹ́kún. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo fi fọ́tò náà han Ìyá Mulikátù, ojú wọn le. “Ta ló ní kí o ya ẹkún mi?”

Wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà fún mi. “Gbé e fún akọ̀ròyìn náà. Bó ṣe ń dùn wá nìyẹn.”

Ó jáde nínú ìwé ìròyìn, ariwo sọ. Kò pẹ́ tí àwọn awọnlẹ̀ fi padà wá hú òpó wọn. Inú mi dùn débi pé mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo lọ bá àwọn ará Igando yọ̀.

Ìyá Mulikátù wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wọ́n wé gèlè gàgàrà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó jẹ́ ẹkún nìkan ni ọmọ ọmọ àwọn á fi mọ àwọn. Mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ júwe bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú láàárọ̀ ṣe tóbi tó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ń mì. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà, mi ò sọ fún oníbàárà kankan mọ́ pé kó má mira.