Ìpín Okùn Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá rí ọkùnrin tó ṣe ọ̀gá àwọ̀n fún bàbá mi lójú títì, inú á bí mi. Mi ò ní purọ́ pé mo ti gbàgbé.

Ègùn ni bàbá mi, apẹja létí òkun Àgbádárìgì láti kékeré. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé e lọ sójú òkun, àwọn tó dúró létí omi á wá fi okùn fà á wá sórí iyanrìn. Ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn fa okùn ní ìpín nínú ẹja. Bí àìsàn bá sì dá ẹni tó ti ń fà á tipẹ́ dúbúlẹ̀, wọ́n á máa gbé ìpín tirẹ̀ lọ bá a nílé títí ara rẹ̀ á fi yá. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi lápá òsì. Ọ̀gá àwọ̀n, ẹni tí bàbá mi fúnra rẹ̀ kọ́ ní àwọ̀n híhun, gbé ìpín wá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó bá dá a dúró. Ó ní okùn kì í ṣe ti ẹni tó ń sùn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi. Mo ra ẹja lọ́jà, mo sè é, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn. "Èmi? Ẹja rírà?" Lọ́dọ̀ tiwọn, apẹja tó bá ra ẹja jẹ ti gbà pé òun àti òkun ti parí. Nígbà tó yá, kò fẹ́ jẹ ohunkóhun mọ́. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ lo oògùn rẹ̀ láìjẹun. Oògùn wà nílẹ̀, bàbá mi ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé àrùn yẹn á padà wá gbé e lọ.

Mo lọ sunkún fún ọ̀rẹ́ mi ní Àjàrá. Obìnrin Mùsùlùmí ni, ẹja yíyan ló ń tà. Mo rò pé á bá mi bú ọ̀gá àwọ̀n, kí ara tù mí díẹ̀. Kò bú u.

"Ṣé ẹja ni Bàbá ò fẹ́, àbí ẹja rírà?"

Mo ní ẹja rírà ni.

"Ó dáa."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pa iná tó fi ń yan ẹja, ó so gèlè mọ́ ìdí, ó lọ sétí òkun, ó bá àwọn ọkùnrin dì mọ́ okùn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹja, ó ní bàbá mi ni òun fà á fún, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sí i. Ọ̀gá àwọ̀n ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń pín in sì pè é. Nígbà tó gbé bàsíà ẹja dé ọ̀dọ̀ mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́.

"Dìde níbẹ̀ jàre! Ebi ń pa Bàbá, ìwọ ń kúnlẹ̀. Lọ gbé ìkòkò kaná."

Mo din ata lépo pupa, mo to ẹja sí i. N kò fi ṣíbí rò ó, etí ìkòkò ni mo dì mú tí mo ń mì ín, kí ẹja má fọ́. Mo tẹ ẹ̀bà. Ọ̀rẹ́ mi ló gbé e síwájú bàbá mi.

"Bàbá, ìpín okùn yín rèé o. Wọ́n pe orúkọ yín létí omi."

Bàbá mi wo àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó wò ó pẹ́. Ló bá bu òkèlè.

Kò tíì jẹun jìnnà tí ọ̀gá àwọ̀n fi já wọlé. Wọ́n ti lọ sọ fún un.

"Ta ló ní kí wọ́n pín ẹja fún ẹni tí kò..."

Bó bá fi lè parí gbólóhùn yẹn, bàbá mi á tu oúnjẹ sílẹ̀, kò sì ní jẹ òmíràn. Mo di ọmọrogùn mú. Mo fẹ́ là á mọ́ ọn lẹ́nu, kí ọlọ́pàá wá mú mi.

Bàbá mi ló ṣáájú mi. "Wá dùnú," ó ní, bí Ègùn ṣe ń pe ẹni tó bá bá wọn lórí oúnjẹ pé kó wá jẹun. Kò sẹ́ni tí kò mọ èsì rẹ̀. Wàá ní á gba ibi ire, wàá sì jókòó jẹ́ẹ́. Ọkùnrin yìí ò sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá òórùn ọbẹ̀ ló mú un, n ò mọ̀. Aláìnítìjú fọ ọwọ́, ó jókòó, ó mú ẹja tó tóbi jù, èyí tí mo fẹ́ fi pa mọ́ de bàbá mi dọ̀la! Omijé ìbínú bọ́ lójú mi.

Bàbá mi ń wò ó títí ó fi gbé e mì.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Ìpín okùn mi ni."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró nínú ọbẹ̀. Ó ti jẹ nínú ìpín náà, nílé onípìn-ín, lójú wa. Ẹnu wo ló tún fẹ́ fi sọ pé kò sí?

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó ní. "Ìpín yín ni."

Ó dìde, ó lọ. Èmi ò kí i pé ó dàbọ̀. Bàbá mi fi eyín fọ́ egungun ẹja tó kù, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

"Oògùn mi dà?"